Sàárà Tí Ìyá Mi Ṣe Lórí Iṣẹ́ Ọ̀rẹ́ Mi

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Aago náà dá mi lójú nítorí pé òun ni mo kọ́kọ́ rí lójú fóònù mi kí n tó rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi nídìí ìsọ̀ dòdò rẹ̀, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, ní Ìkirè wa níbí. Mò ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n dúdú. Fóònù mi wà lórí àpótí. Ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, mo sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ tí epo kò tíì kàn tẹ ojú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì bí ìlà méjì ló hàn: ẹ kú oríire, a ti yàn yín mọ́ àwọn tí a fẹ́ rí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà wà lókè. Ìbàdàn ni wọ́n wà, wọ́n ń kó ọjà pín fún àwọn ṣọ́ọ̀bù káàkiri, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà wọn lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà.

Mo kígbe. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú igbe bẹ́ẹ̀ wà nínú mi.

"Kí ló dé? Ṣé epo ta sí ọ lára ni?" Ìyá mi ti ju ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Wọ́n ti pè mí, Màámi! Wọ́n ti pè mí!"

"Ta ló pè ọ́?"

"Ilé iṣẹ́ Ìbàdàn yẹn!"

Kò béèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ nínú eruku ẹ̀bá títì, ó ní "Alhamdulilahi," ó tún un sọ títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó dìde, ó kọjú sí àwọn ọlọ́kadà tó máa ń dúró de èrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Ẹ gbọ́ o! Ọmọ mi ti ríṣẹ́ o!"

"Màámi, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni, kì í ṣe iṣẹ́ gan-an..."

"Ìntáfíù ni mo wí. Ṣé ẹni tí wọn ò fẹ́ gbà ni wọ́n máa pè wá síwájú wọn?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà náà ti sọ̀ kalẹ̀ lórí máṣíìnì. "Ìyá Dòdò, ẹ ò gbàgbé ẹ̀jẹ́ yín, àbí? Ẹ ní ọ̀fẹ́ la ó jẹ dòdò lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é o."

"Ṣé mo sọ pé mo gbàgbé ni, alájẹkì? Lọ fọ ọwọ́ rẹ wá."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ìpè yẹn jẹ́ fún wa, kí ẹ má baà rò pé nǹkan kékeré ló máa ń gbé ìyá mi lọ bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀. Láti ìgbà náà, orí fóònù yìí ni mo ti ń wáṣẹ́. Mo ní ìwé ìkọ̀wé kan tí mo máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: ọjọ́ tí mo kọ̀wé, irú iṣẹ́ tó jẹ́, páásíwọ́ọ̀dù tí mo lò, àti àyè kan lápá ọ̀tún fún ìdáhùn. Apá ọ̀tún yẹn ló funfun jù lọ nínú ìwé náà. Àwọn díẹ̀ tó dáhùn ní àwọn dúpẹ́, àwọn ti rí ẹlòmíràn. Àwọn tó kù kò sọ nǹkan kan. Bí o bá fẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì kan, tí ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà sì lé ọ, ó kéré tán, o mọ̀ pé ẹnìkan rí ọ. Lórí ayélujára, kò sẹ́ni tó máa lé ọ. O kàn máa dúró síbẹ̀ ni, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́nìkan nínú rẹ̀, o kò sì ní mọ ìgbà tó yẹ kí o padà sílé.

Gbogbo òwúrọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ni ìyá mi máa ń dárúkọ iṣẹ́ náà nínú àdúrà rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá. Ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run pé ọjọ́ tí ọ́fíìsì kan bá pè mí, gbogbo dòdò tí òun bá dín lọ́jọ́ náà, sàárà ni. Ẹni tó bá mọ Ìkirè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Dòdò yìí ni ìyá mi fi rán mi ní ilé ìwé láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Ó tún yẹ kí n sọ nípa ọ̀rẹ́ mi. Àpòmù ló ń gbé. Ọlọ́kadà kì í pẹ́ gbé èèyàn débẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa. Àlejò kì í mọ ibi tí Ìkirè parí sí tí Àpòmù ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún àkọ́kọ́ ní girama la ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ọmọ Aládùúrà ni, ọmọ Mùsùlùmí lèmi, kò sì sí Iléyá kan tí kì í wá gba ìpín ẹran tirẹ̀ lọ́wọ́ ìyá mi. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan náà la lọ, iṣẹ́ kan náà la kọ́, ọdún kan náà la sìnlú. Máàkì mi ju tirẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé kò dára kí n sọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ti wà lẹ́nu mi láti ọjọ́ yìí, mo sì ti pinnu pé mi ò ní purọ́ nínú èyí tí mò ń kọ yìí.

Nígbà tí a ti ibi ìsìnlú dé, èmi mú fóònù, òun mú abẹ́rẹ́. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá rẹ̀. Ó ní bí iṣẹ́ kan bá fẹ́ rí òun, ẹsẹ̀ máṣíìnì ni yóò bá òun. Nígbà tí ojú fóònù ńlá rẹ̀ fọ́, kò tún un ṣe. Ó ra fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì kan, ó ní ìyẹn ti tó òun láti fi bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ní kó jẹ́ kí íméèlì rẹ̀ wà lórí fóònù mi, kí ọ̀nà iṣẹ́ má baà dí mọ́ ọn pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé gbogbo lẹ́tà, tèmi àti tirẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé.

Iṣẹ́ Ìbàdàn yìí, ọjọ́ Sátidé kan la jọ kọ̀wé sí i, nínú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Àpòmù. Èmi ni mo rí i. Èmi ni mo ní kó jẹ́ kí a jọ ṣe é. Mo kọ́kọ́ ṣe tèmi, ó sì gbà mí ní wákàtí méjì. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó ní kí a sọ nípa ìṣòro kan tí a ti bá pàdé rí àti bí a ṣe yanjú rẹ̀. Mo wá ìdáhùn kiri lórí ayélujára, mo kó Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá jọ, mo sọ pé mo darí ẹgbẹ́ kan, mo sọ pé mo ṣètò nǹkan kan. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó kan tirẹ̀, kò tilẹ̀ dìde nídìí máṣíìnì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, ẹnu rẹ̀ ń sọ, ọwọ́ mi ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Ó ní ilé ìwé kan gbé aṣọ wá kí àwọn fi rán yunifọ́ọ̀mù, aṣọ náà kò sì tó. Ó ní òun kò dá a padà, òun kò sì bá wọn jà. Òun fi àwọ̀ mìíràn ṣe kọ́là àti àpò, òun mú ẹyọ kan lọ fi han ọ̀gá ilé ìwé kí òun tó gé èyí tó kù. Ó ní ọ̀gá náà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rán an títí di òní.

"Ṣé ohun tí o fẹ́ kí n kọ nìyẹn?" mo bi í. "Kọ́là àti àpò?"

"Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ṣé kì í ṣe ìṣòro ni?"

Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nínú ara mi.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Bí ìyá mi ṣe ń kéde, mo ń gbìyànjú láti ṣí lẹ́tà náà. Kò ṣí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìdí ìsọ̀ wa kò dára. Òbìrípo kékeré yẹn kàn ń yí lójú fóònù ni. Mi ò kọbi ara sí i. Mo ti rí ohun tí mo fẹ́ rí. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, ìyá mi ti ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ ilé kéwú tó wà lẹ́yìn ilé wa, àwọn pẹ̀lú alfa wọn. Ó gbé àwo dòdò jáde, èyí tó ti tutù àti èyí tó ṣì ń hó lára. Àwọn ọmọ náà tò, wọ́n na ọwọ́. Alfa ṣe àdúrà gígùn: kí Ọlọ́run jẹ́ kí n bá ojú rere pàdé, kí ó má jẹ́ kí ọ̀tá gba iṣẹ́ náà mọ́ mi lọ́wọ́. Àmín tí wọ́n ṣe gba ojú títì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó dúró láti ra dòdò gba tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà ṣe àmín.

Ìgbà tí àwo ti ṣófo ni mo rìn lọ sí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dára, lójú ọ̀nà Àpòmù. Mo fẹ́ ka lẹ́tà náà dáadáa kí n mọ ọjọ́ àti aago. Ó ṣí. Orúkọ ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Mo rò pé mo ṣì í rí ni. Mo tún un kà. Wọ́n ní inú àwọn dùn sí ìtàn yunifọ́ọ̀mù tó kọ. Wọ́n ní kó wá sí Ìbàdàn ní ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Wọ́n ní kó tẹ ibì kan nísàlẹ̀ lẹ́tà náà láti fi hàn pé òun ń bọ̀, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó lù; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn yóò fún ẹlòmíràn ní àyè rẹ̀. Mo wá inú íméèlì tèmi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

N óò gbìyànjú láti sọ ohun tó ṣe mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí. Ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe ìbànújẹ́. Ẹnu mi korò, bí ìgbà tí èèyàn bá jẹ kóró osàn. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò: èmi ni mo rí iṣẹ́ náà, èmi ni mo tẹ ìwé rẹ̀, dátà mi ni a lò, fóònù mi ni, ìyá mi ló ń jí gbàdúrà. Ó dà bíi pé wọ́n fi dòdò tí mo dín sínú àwo ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù lọ ni kọ́là àti àpò yẹn. Mo ti lo ọdún méjì láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè gbọ́ èèyàn. Òun sọ̀rọ̀ bí òun ṣe máa ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí máṣíìnì, wọ́n sì gbọ́ ọ. Mo jowú rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà, mo jowú rẹ̀ lórí pé kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà tó yẹ kí èèyàn bẹ̀rù.

Mo padà sí ìsọ̀ pẹ̀lú ìpinnu pé n óò sọ fún ìyá mi. Ohùn ọ̀rẹ́ mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà.

"Ìwọ àgbàyà yìí! Ẹnu ọlọ́kadà ni mo ti gbọ́! Ọlọ́kadà ló ń sọ fún mi ní Àpòmù pé ọmọ Ìyá Dòdò ti ríṣẹ́! Ṣé bí a ṣe jọ sọ ọ́ nìyẹn?"

"Mo fẹ́ wá..."

"O fẹ́ wá kí ni? O ò tíì dé ọ́fíìsì, o ti ń sá fún wa." Ó dì mọ́ mi débi pé ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ fún ìyá mi. "Ẹ kú oríire, Màámi. Ẹ kú oríire ọmọ wa."

"Ọpẹ́ ni o, ọmọ mi. Tìrẹ náà ń bọ̀ lọ́nà. Jókòó. Mo ti fi sàárà tìrẹ pamọ́ kí àwọn alájẹkì wọ̀nyí tó jẹ ẹ́ tán."

Ó jókòó, ó jẹ ẹ́. Mo dúró, mo ń wo bó ṣe ń jẹ sàárà tí wọ́n ṣe lórí iṣẹ́ tirẹ̀, tó sì ń ṣe àmín fún èmi.

"Tèmi ńkọ́?" ó bi mí, epo wà létè rẹ̀. "Wọn ò kọ nǹkan kan sí èmi?"

Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu mi ló kù.

"Kò tíì sí nǹkan kan," mo ní.

"Ó dára náà. Bí wọ́n bá pe àwa méjèèjì, ta ni ì bá rán aṣọ tí o máa wọ̀ lọ? Dìde, na ọwọ́ rẹ méjèèjì." Ó ti fa téèpù yọ nínú àpò rẹ̀. Ó wọn èjìká mi, ó wọn ìbàdí mi, ó ń fi ìdí mi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ìyá mi, wọ́n sì jọ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ní aṣọ búlúù kan tó ṣú, tí òun ti rà láti ìgbà tí a ti ń sìnlú, tí òun ń tọ́jú de ọjọ́ tí wọ́n bá pe òun. Ó ní kò sí ìyàtọ̀, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti pe ẹnìkan nínú wa.

Mi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ní Ọjọ́rú pẹ̀lú, mi ò sọ. Obìnrin tó máa ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún wa láti Ararọ̀mí-Òwu fi ìdì kan lé e lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní ti ayọ̀ mi ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé mo kàn ń wá ọ̀nà tí n óò gbà sọ ọ́ tí kò ní dun ìyá mi ni. Irọ́ ni. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mò ń ka wákàtí. Mo mọ̀ pé bí aago mẹ́rin Ọjọ́bọ̀ bá kọjá, lẹ́tà náà yóò kú fúnra rẹ̀. Mi ò ní pa á rẹ́, mi ò ní ṣe nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. N óò kàn sọ pé mo lọ sí Ìbàdàn, wọn ò sì mú mi, a ó sì jọ wà bí a ṣe wà tẹ́lẹ̀, èmi nídìí dòdò, òun nídìí máṣíìnì. Ẹ wò ó, mi ò fẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ nígbà yẹn. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kó má fi mí sílẹ̀ níbí. Mo mọ̀ pé ìyẹn kò dára jù ú lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó pè mí pẹ̀lú fóònù onítọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Aṣọ ti jáde o, ọ̀gá. Wá wọ̀ ọ́ wò."

Aago méjì kọjá nígbà tí mo dé Àpòmù. Òun nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Síkẹ́ẹ̀tì àti kóòtù ni, ó ti lọ̀ wọ́n, ó fi wọ́n kọ́ sára ògiri. Mo wọ̀ wọ́n lẹ́yìn kọ́tìnì, mo jáde síwájú dígí. Mi ò tíì wọ aṣọ tó bá mi mu bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó wà nínú dígí jọ ẹni tó ní tábìlì tirẹ̀ níbì kan. Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀ lẹ́yìn mi, ó ń fi eyín rẹ̀ gé òwú kan tó yọ nísàlẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò jọ lójú.

"Mo fi ìṣẹ́tí ńlá sílẹ̀. Bó bá pẹ́ títí, tí wọ́n bá wá pe èmi náà, o lè yá mi, kí n tú u wálẹ̀. Mo ga jù ọ́ lọ, ṣé o mọ̀."

Mo wo aago. Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe ìwà rere ló ṣe mí. Mo rò pé ìṣẹ́tí yẹn ni. Ó ti fi àyè ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú aṣọ mi láìmọ̀ pé gbogbo aṣọ náà ni tirẹ̀. Mo mú fóònù, mo ṣí lẹ́tà náà, mo nà á sí i.

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó fi ìka tọ́ka sí òkè lẹ́tà náà.

"Orúkọ mi nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ ńkọ́? Tìrẹ dà?"

"Èmi kò ní. Ìyẹn ni mo rí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí mo rò pé tèmi ni. Mo ṣì í kà." Títí débẹ̀, òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni mo fi kún un: "Ìsinsìnyí, nígbà tí mò ń bọ̀ lọ́nà, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé tìrẹ ni."

Kò wo fóònù mọ́. Ojú mi ló ń wò.

"Màámi ti ṣe sàárà," ó ní.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó bú sẹ́kún. Mo rò pé ẹkún ayọ̀ ni, àfi ìgbà tó ní, "Báwo la ṣe máa sọ fún un? Á, ọ̀rẹ́ mi, pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́, jọ̀ọ́." Èmi ló ń ṣìpẹ̀ fún. Èmi tí mo ti fi lẹ́tà rẹ̀ sínú àpò fún ọjọ́ méjì ló ń fi ọwọ́ nu ojú fún. Èmi ni mo ní kó tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ku nǹkan bí ìdajì wákàtí kí aago mẹ́rin lù.

Mo bọ́ aṣọ náà fún un. Ó mú abẹfẹ́lẹ́, ó tú ìṣẹ́tí rẹ̀, ó fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Mo jókòó tì í, mo ń ṣa òwú tó ń já sílẹ̀.

Mo sọ fún ìyá mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Sàárà tí mo ṣe, Ọlọ́run ló gbà á. Bí Ó bá gbé èrè rẹ̀ gba Àpòmù, ilé ẹni náà ni." Mo rò pé ó ti parí, àfi bó ṣe yí ojú sí mi. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

Mi ò lè purọ́ fún un. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwo kò tíì gbẹ."

"O sọ fún òun náà bẹ́ẹ̀?"

"Rárá, Màámi. Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni."

"Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà. O ti fún un. Kò pàdánù nǹkan kan. Ṣé o fẹ́ fi ẹnu ara rẹ tú ilé tí ẹ ti ń kọ́ láti kékeré ni?"

Ọ̀rẹ́ mi lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé, nínú aṣọ búlúù. Wọ́n gbà á. Ó ti lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ báyìí. Ó ti ra fóònù ńlá, ó sì máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi: tábìlì rẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, káàdì tó ń gbé kọ́ ọrùn. Mo máa ń dá a lóhùn pẹ̀lú àdúrà, lẹ́yìn náà mo máa ń da ojú fóònù bolẹ̀ kí n lè mí. Mi ò fẹ́ kí ibi bá a. Mo kàn máa ń wo tábìlì yẹn, n óò sì máa ro pé igun wo ni ǹ bá gbé ìwé ìkọ̀wé mi sí.

Lánàá ni ó pè mí, ó ń sáré sọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ gba ẹnìkan sí i ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ó ti sọ̀rọ̀ mi fún ọ̀gá rẹ̀.

"Mo sọ fún wọn pé ẹni tó rí iṣẹ́ yìí fún mi ni. Mo ní olóòótọ́ èèyàn ni, pé ẹlòmíràn ì bá ti gbé lẹ́tà yẹn pamọ́ kí n má baà rí i. Wọ́n ní kí o kọ̀wé sí i kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Jọ̀ọ́, má kọ Gẹ̀ẹ́sì gbankọgbì tìrẹ yẹn o. Sọ ọ́ bó ṣe rí."

Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ èyí. Bí mo bá sọ òtítọ́ fún un kí n tó kọ̀wé, mo lè pàdánù òun àti iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyá mi yóò sì bínú pé mi ò gbọ́ tirẹ̀. Bí mo bá kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà kí n tó sọ, orí ìwà rere tí mi ò ní ni mo máa gùn wọlé. Bí mi ò bá sì sọ rárá, a ó jọ máa jókòó nínú ọ́fíìsì kan náà, yóò máa pè mí ní olóòótọ́, èmi yóò sì máa dáhùn. Mo tún ń bẹ̀rù pé bóyá owú náà ló ń sún mi láti sọ ọ́, pé bóyá mo kàn fẹ́ ba ayọ̀ rẹ̀ jẹ́ díẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ ọ́n yà sọ́tọ̀ mọ́.

Ọjọ́rú lòní. Fọ́ọ̀mù náà ṣí sílẹ̀ lójú fóònù mi báyìí, nídìí ìsọ̀ ìyá mi. Mo ti kọ orúkọ mi àti àdírẹ́sì mi. Ibi tó kàn ni ibi tí wọ́n ti béèrè pé ta ló júwe wa fún ọ, kí ni ìwọ àti onítọ̀hún sì jẹ́ sí ara yín. Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ẹ̀yin tí ẹ ti jowú ẹni tí ẹ fẹ́ràn rí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ síbẹ̀? Àbí kí n kọ́kọ́ pè é?